Àdúrà tí Ọ̀tá Gbọ́

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí àwọn ará Ìgbó-Ọ̀kẹ́rẹ́ ti há Ìtún-Àgbọn mọ́ ni ẹja gbígbẹ tán nílé Lèmọ́mù. Bí ẹja bá sì ti tán nílé Lèmọ́mù, kí tálákà má wulẹ̀ ṣí ìkòkò tirẹ̀ wò.

Ọdún náà ni ọ̀dà títì márosẹ̀ kọjá Ajah, tó forí lé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Kí títì tó dé, ilẹ̀ tó wà láàrin ìletò méjèèjì kò ju ibi tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dáko níbẹ̀, obì mẹ́rin àti ìgò ọtí kan ti tó. Àfi bí katapílà ṣe kọjá tán tí gbogbo ènìyàn wá rántí pé baba ńlá òun ló kọ́kọ́ gbé àdá wọ igbó yẹn. Ẹjọ́ ń bẹ ní kóòtù, ogun ń bẹ nílẹ̀. Àwọn ará Ìgbó-Ọ̀kẹ́rẹ́ gba oríta tí ọ̀nà Ìtún-Àgbọn ti já sí títì, wọ́n kó ìtì igi àti táyà dí i pa. Ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti sun gbogbo ọkọ̀ ojú omi ìlú. Òkun wà lẹ́yìn, àbàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbọn wà níwájú. Ẹni tó wà nínú kò rí oúnjẹ. Àwọn tó ń ṣọ́ oríta náà kò ráyè lọ sóko. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ní ìdájí Jímọ̀ tó kọjá, Akínọ̀ṣọ́, olórí ogun Ìtún-Àgbọn, kó ọkùnrin mọ́kàndínlógún lẹ́yìn láti lọ gba oríta náà padà. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ọ̀tá lójú oorun. Àwọn ọ̀tá ò sùn. Wọ́n ti lúgọ sẹ́yìn òkìtì yanrìn tí àwọn òṣìṣẹ́ títì kó jọ, wọ́n ń retí wọn bí ẹni ń retí àna. Ìbọn ṣakabùlà dún lẹ́ẹ̀mẹfà péré, ó parí. Orí ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé òkú Yọ̀mí bọ̀ wálé, Yọ̀mí tó jẹ́ ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ẹnìkan ti lọ sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ló kó gbogbo ọkùnrin ìlú jọ síwájú mọ́sálásí láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí oòrùn tó mú. Àwọn obìnrin dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òdìkejì, Ìyá Yọ̀mí sì jókòó láàrin wọn lórí àpótí.

Akínọ̀ṣọ́ Àjàní, ọmọ atẹyanrìn-má-jìn! Ọkùnrin gbọọrọ ni, ìgbà tó bá sì bínú gan-an ni ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó rẹlẹ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ń naga kí wọ́n tó gbọ́.

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani," ni ó wí. "Ogún la jáde. Mọ́kàndínlógún ló kù, gbogbo wa la sì wà níbí, àwa àti àwọn olórí ìṣọ́ tó mọ̀ sí i. Kùránì rèé, Lèmọ́mù rèé. Ẹ ó ṣe àlùwàlá, ẹ ó gbọ́wọ́ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó wí pé, 'Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ogun wa síta.' Ẹni tó bá purọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí iyanrìn tí wọ́n á fi sin ín."

"Àmín," ni gbogbo ènìyàn wí.

Kàsímù Àlàó ni ẹni kẹjọ lórí ìlà. Òun ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ àbàtà, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n bá ń kì í, wọ́n á ní, ọmọ a-rin-àbàtà-bí-ẹni-rin-àgbàlá. Kí ogun tó dé, káfíńtà ni. Bàbá rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn mọ́sálásí tí wọ́n dúró síwájú rẹ̀ yìí. Lèmọ́mù Dúródọlá ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i, òun náà ló jókòó tì í pẹ̀lú wàláà títí tó fi mọ Kùránì í kà. Ohun tí ẹnì kankan lórí ìlà náà kò mọ̀ ni pé oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni Kàsímù ti ṣe ìrìbọmi nínú òkun.

Iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun kan wà létí òkun, lódìkejì àbàtà, tí àwọn ará Ìgbó-Ọ̀kẹ́rẹ́ àti àwọn àlejò tó ń ṣiṣẹ́ títì ń lọ. Wọ́n pe Kàsímù kó wá kan òrùlé, iṣẹ́ náà sì bọ́ sínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Lọ́jọ́ kìíní, ó rí i pé àwọn obìnrin tó ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ gbé ìkòkò wọn lọ jìnnà réré. Ó rò pé ahun ni wọ́n. Ó di ọjọ́ kẹta kó tó gbọ́ pé Wòlíì Modúpẹ́, ìyá arúgbó tó dá ìjọ náà sílẹ̀, ló pàṣẹ pé kí òórùn ọbẹ̀ má dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbààwẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, ìyá náà fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ògì gbígbóná wá fún un, yóò sì jókòó lórí iyanrìn títí yóò fi mu ún tán. Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Kò wàásù fún un lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó wàásù ni, Kàsímù ì bá bá a jiyàn, nítorí ó mọ iyàn jà. Ẹni tí kò bá ọ jiyàn, kí lo fẹ́ fi ṣẹ́gun rẹ̀? Òrùlé parí, ààwẹ̀ parí, Kàsímù ṣì ń lọ.

Kò sọ fún ẹnì kankan nílé; nígbà tí ogun dé, ó tún wá fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sí i. Ọjọ́rú dé Ọjọ́rú, á fi sùtánà funfun rẹ̀ sínú ọ̀rá, á gbé e lórí, á gba inú àbàtà, á bọ́ bàtà rẹ̀ síbi gbòǹgbò igi kan, nítorí àwọn ọmọ ìjọ náà kì í wọ bàtà tí wọ́n bá ti wọ aṣọ yẹn. Á gbọ́ orin àkọ́kọ́ àti ẹ̀kọ́ Bíbélì, á sì yọ́ jáde kí wọ́n tó wá a níbi iṣẹ́ ìṣọ́. Kí ogun tó dé pàápàá, kì í dúró parí ìsìn, kí wọ́n má baà wá a tì nídìí ìrun Àsárì.

Ìbúra yìí wá ká a mọ́. Kò lè gbọ́wọ́ lé Kùránì bí ẹni tó ṣì gbà á gbọ́, kí ó sì fi iwájú Lèmọ́mù purọ́. Ìwé tuntun tó ń tẹ̀lé náà sì wí pé kí ènìyàn má ṣe búra rárá. Ó ń rò ó pé bóyá kí òun ní inú ń run òun. Irú èrò òpònú báyìí ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí Tóyọ̀sí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yọ̀mí lọ́jọ́ tó kú, na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan, Ọ̀gá. Nígbà tí Yọ̀mí ṣubú, àwọn ọmọ yẹn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń pariwo pé, 'Ọta ò yà o! Ṣé ẹ ní kó yà fún yín bí omi ṣe ń yà fún ọkọ̀? Ọta ò yà!' Látìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó. Kò yé mi."

Ó yé Kàsímù.

Òun ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ogun oríta, ó bẹ akọ̀wé ìjọ, àlejò kan tó ń ṣiṣẹ́ títì, pé kó bá òun kọ ìwé àdúrà, nítorí kò mọ̀wé kọ tayọ ti kéú. Ó ní kó kọ ọ́ pé, kí Ọlọ́run dáàbò bo àwọn ará òun tó ń lọ sí oríta ní ìdájí Ẹtì, ó ka orúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọta yà fún wọn bí omi ṣe ń yà fún ọkọ̀. Ó sọ ìwé náà sínú agbọ̀n tó wà níwájú pẹpẹ, ó sì lọ. Ó rò pé abẹ́ àbẹ́là ni wọ́n ń kó o sí, tí Ọlọ́run nìkan á máa kà á. Ní mọ́sálásí tí wọ́n ti tọ́ ọ, ohun tí ènìyàn bá tọrọ, àárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì àti Ọlọ́run ló wà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bí ìsìn bá ń lọ sópin, wọn á ka gbogbo ìwé inú agbọ̀n náà sókè ketekete kí ìjọ lè ṣe àmín sí i. Ẹni tó bá ń sá kúrò nídìí ìsìn, báwo ló ṣe fẹ́ mọ bí ìsìn ṣe ń parí? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Èyí tí Kàsímù jù sílẹ̀ ti fọ́ mọ́ àyà Yọ̀mí.

Kí ó tó mí kanlẹ̀, ariwo ti sọ níwájú. Ó ti kan Olúwọlé, bíríkìlà ará Ìkìrun tí ogun há mọ́ ìlú onílùú, tó sì gbà láti bá wọn lọ sójú ìjà. Olúwọlé ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra.

"Onígbàgbọ́ ni mí, gbogbo yín lẹ mọ̀," ni ó wí. "Tí mo bá gbọ́wọ́ lé e, ẹ ó ní ìwé mi kọ́, irọ́ ni mò ń pa. Tí mi ò bá gbọ́wọ́ lé e, ẹ ó ní èmi ni. Ẹ sọ èyí tí n ó ṣe, ẹ̀yin ará."

"Òun ni!" ni ẹnìkan kígbe. "Àjèjì! Onígbàgbọ́ ẹgbẹ́ wọn!"

Àwọn mẹ́ta ti gbá a lọ́rùn mú. Àdá ti jáde nínú àkọ̀. Àánú ọkùnrin yìí ṣe Kàsímù, ẹ̀rù sì bà á, nítorí ó mọ̀ pé tí òun bá pa ẹnu mọ́ títí wọn yóò fi pa á, ọ̀rọ̀ ogun náà á parí síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bi òun ní nǹkankan mọ́ láé. Ó jáde lórí ìlà.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ó wí. "Èmi ni."

Ó rò fún wọn, kò fi ọ̀kan pamọ́: òrùlé, ògì, ìrìbọmi, ìwé àdúrà. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni igbe ń ga sí i. Àwọn kan ní kí wọ́n bẹ́ ẹ. Àwọn kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ nà án. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Lèmọ́mù gbọ́wọ́ sókè títí gbogbo wọn fi dákẹ́.

"Láti oṣù mẹ́rin," ni ó wí. "O ń kírun lẹ́yìn mi."

"Mò ń dúró lẹ́yìn yín ni, Bàbá. Mi ò kírun."

Bàbá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti Kùránì rẹ̀ padà sínú àpò awọ, kò rí ẹnu àpò náà bọ́rọ̀. Èyí dun Kàsímù ju igbe àwọn tó fẹ́ bẹ́ ẹ lọ. Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Yọ̀mí dìde, ó gbé àpótí rẹ̀, ó sì wọlé.

Akínọ̀ṣọ́ nìkan ni kò kígbe. Ó ti jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń fi igi fa ilà sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń ro ogun.

"Wọ́n máa ń ka ìwé yẹn sókè," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ìgbà wo ni ìsìn tó kàn?"

"Òní, Ọ̀gá. Ọ̀sán."

"Ó dáa." Ó fa ilà kan sí i. "Tíṣà ilé-ìwé wa á kọ ọ́. Á kọ ọ́ pé ìdájí ọ̀la ni gbogbo wa máa gba inú àbàtà sá jáde, tọmọdé tàgbà. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹsẹ̀ wa. Wọ́n á gbọ́. Wọ́n á kó ìbọn wọn lọ sínú àbàtà, àwa á sì gba oríta. Àwọn tó bá wọ àbàtà yẹn lókùnkùn ńkọ́, Àlàó? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣé wọ́n á jáde?"

"Wọn ò ní jáde," ni Kàsímù wí.

"Nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ Yọ̀mí ti délé. Búra pé wàá fi ìwé náà sínú agbọ̀n."

"Ìwé tí mò ń tẹ̀lé báyìí ní kí n má búra rárá, Ọ̀gá."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Ẹ̀sìn tó rọrùn báyìí!"

Akínọ̀ṣọ́ ò rẹ́rìn-ín. "Má búra," ni ó wí. "Bíríkìlà ni ìbúra rẹ. Ọ̀dọ̀ mi ló máa wà. Tí Lèmọ́mù bá pe ìrun Àsárì tí mi ò rí ọ kí o wá jíṣẹ́..." Ó fi igi náà fa ilà kọjá ọrùn ara rẹ̀.

Olúwọlé wo Kàsímù. Wọ́n ti fi okùn di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ẹ dákun, ẹ má pẹ́ o."

*

Nínú àbàtà, ẹrẹ̀ dé ìbàdí. Kàsímù gbé sùtánà lórí, ìwé irọ́ náà sì wà nínú ọ̀rá kan náà. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ti ń lọ. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ náà kò bá ní apá kankan tí a lè fi tọmọ jẹ́ ńkọ́? Tí òun bá fi ìwé yìí sínú agbọ̀n, Olúwọlé á yè, ebi ìlú á tán. Tí òun bá fi í sínú agbọ̀n, òun á ti fi àdúrà pa ènìyàn lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kejì yìí a sì jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe.

Ìsìn ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó débẹ̀. Ìyá kan sún sẹ́yìn lórí ẹní rẹ̀, ó fún un láyè, ó sì na àbẹ́là kan sí i. Kàsímù mọ̀ ọ́n: Ìyá Abímbọ́lá ni, ará Ìgbó-Ọ̀kẹ́rẹ́. Abímbọ́lá ọmọ rẹ̀ ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ oríta. Gbogbo nǹkan wá yé Kàsímù pátápátá, kò sì ní agbára láti bínú.

"Bùrọ́dà," ni ìyá náà sọ sí i létí, "ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń gbààwẹ̀ nítorí ọmọ mi. Ẹ bá mi fi í sínú àdúrà. Abímbọ́lá lorúkọ ẹ̀."

Àbẹ́là fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Kàsímù. Wọ́n gbé agbọ̀n kọjá níwájú rẹ̀, kò sọ nǹkankan sí i. Wọ́n kọrin. Wọ́n ka ìwé inú agbọ̀n: ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tí ibà ń ṣe, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìkátẹ̀ tí kò padà. Àmín ń tẹ̀lé àmín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Kàsímù gbọ́ ọ, ó sì ń gbọ́ bí àmín ṣe dún nígbà tí wọ́n ka tirẹ̀ lọ́jọ́sí. Àmín yẹn náà ti ní láti dùn báyìí.

Wòlíì Modúpẹ́ ti rí i. Kì í ṣe ìran ló fi rí i. Ìwé náà wà lọ́wọ́ Kàsímù, ó ti fi òógùn rọ jọ̀kọ̀tọ̀.

"Bùrọ́dà Kàsímù," ni ó wí, "ti ọwọ́ yín ńkọ́? Ẹ ò fún wa kà?"

Kàsímù dìde. "Irọ́ ló wà nínú ẹ̀, Màmá. Wọ́n rán mi kí n wá fi àdúrà pa àwọn ọmọ yín."

Ìgbì òkun nìkan ló ń dún lẹ́yìn ògiri.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òótọ́ ni mo kọ," ni ó ń bá a lọ, "òótọ́ yẹn pa Yọ̀mí, ọmọ ìyá kan ṣoṣo. Mi ò lè kó irọ́ lé e lórí. Ṣùgbọ́n bíríkìlà kan wà ńlé tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nítorí mi, tí wọ́n bá pe ìrun Àsárì tí mi ò jíṣẹ́, ó tán fún un. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo ní kí n sọ fún yín ni."

Ìyá Abímbọ́lá ti ṣubú dojúbolẹ̀ lórí ẹní. "Èmi ni!" ni ó ń kígbe. "Èmi ni mo sáré lọ sọ fún Abímbọ́lá! Kó sá ni mo ní kó ṣe! Olúwa gbọ́, mo ní kó sá!"

Wòlíì Modúpẹ́ fi ọwọ́ lé pẹpẹ. Ìjọ ń retí ìran. Ìbéèrè ló bi Kàsímù.

"Kí ni wọ́n ń jẹ lọ́dọ̀ yín?"

"Àgbọn, Màmá."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Àgbọn nìkan. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé."

"Ẹ ṣí ilé ẹrù," ni ìyá náà wí fún àwọn aláṣẹ ìjọ. "Gárì ìkórè tí a kó láti Addó, ẹ kó gbogbo ẹ̀ síta. Ìkórè ti dé lónìí."

*

Ẹrù ò ṣeé gbé gba inú àbàtà, nítorí náà títì márosẹ̀ ni wọ́n gbà. Wọ́n tó ọgọ́ta nínú sùtánà, obìnrin ló pọ̀ jù, àpò gárì ní orí, ẹsẹ̀ lásán. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí apá ibẹ̀. Èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀. Etí títì kò ṣeé rìn, òkúta àti tírélà ló kún un. Àwọn òṣìṣẹ́ títì dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń kígbe pé kí àwọn ìyá náà wọ bàtà, kí wọ́n wá àkísà fi wé ẹsẹ̀. Àwọn ìyá náà ń rìn lọ. Aṣọ náà kì í bá bàtà rìn, ó parí. Ọ̀dà ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ Kàsímù, ó ń bó awọ rẹ̀, ó sì ń sunkún bó ti ń lọ, kò fi pamọ́. Níwájú rẹ̀, Ìyá Abímbọ́lá ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Nígbà tí wọ́n yọ sí oríta, ìbọn mẹ́wàá ló kọjú sí wọn.

"Ẹ dúró níbẹ̀!" ni Abímbọ́lá kígbe. Lẹ́yìn náà ló wá rí ẹni tó ṣíwájú. "Màmi? Màmi, ẹ kúrò lójú ọ̀nà!"

"Yìn ín," ni ìyá rẹ̀ wí. Kò dúró. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá ọ sọ, pé kí o sá. O fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi pa ọmọ ọlọ́mọ. Yìn ín, kó tó ẹni méjì."

Ó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó dì mọ́ táyà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ kúrò lọ́nà. Àgbà obìnrin ni. Táyà náà ò fẹ́ mì. Obìnrin míì wá bá a gbá a mú. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ìbọn fi tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí àbúrò ìyá rẹ̀ ni obìnrin kejì yẹn, ojú sì ń tì í láti máa wò ó.

Abímbọ́lá bojú wẹ̀yìn, ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tí ọ̀dà ti bó. Ẹnu ìbọn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Gárì nìkan," ni ó wí níkẹyìn. "Lónìí nìkan." Bí Kàsímù ti ń kọjá, ó gbá a lápá mú. "Mo mọ̀ ọ́, ọmọ àbàtà. Aṣọ yẹn ni mo wò mọ́ ọ lára. Má bọ́ ọ."

*

Ní Ìtún-Àgbọn, oòrùn ti rọ̀ kọjá ibi tí Àsárì ń wà. Wọ́n ti mú Olúwọlé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Akínọ̀ṣọ́ dúró tì í, ó ń wo Lèmọ́mù, Lèmọ́mù sì jókòó ti búta omi, ó ń ṣe àlùwàlá. Ó ṣe é tán, ó dìde, ó gbé ọwọ́ lọ sétí láti pe ìrun, ó sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Àlùwàlá mi bàjẹ́," ni ó wí.

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú. Ìkẹta nìyẹn. Akínọ̀ṣọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ fún Lèmọ́mù pé àlùwàlá rẹ̀ kò bàjẹ́? Ó ń fọ ẹsẹ̀ òsì lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe lójú ọ̀nà.

Kàsímù rìn wá síwájú Akínọ̀ṣọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà níbi tó ń tẹ ẹsẹ̀ sí.

"O fi ìwé náà sínú agbọ̀n?"

"Mi ò fi í síbẹ̀, Ọ̀gá. Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni."

Akínọ̀ṣọ́ wo àwọn àpò gárì, ó wo àwọn obìnrin aláṣọ funfun tí wọ́n ti jókòó sílẹ̀ ní àárín ìlú, tí àwọn ìyàwó ìlú ń da omi sí lẹ́sẹ̀. Ó ti ro gbogbo ogun tí ènìyàn lè rò, kò ro èyí.

"Ilẹ̀ wa ṣì wà lọ́wọ́ wọn," ni ó wí. "Ogun ò tíì tán."

"Kò tíì tán, Ọ̀gá."

"Ẹ tú bíríkìlà sílẹ̀," ni Akínọ̀ṣọ́ wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn.

Lèmọ́mù dìde nídìí búta. Kàsímù dọ̀bálẹ̀ fún un. Bàbá náà kò ní kó dìde.

"Èmi pẹ̀lú rẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀," ni ó wí. "Bu gárì lọ fún Ìyá Yọ̀mí ná."

Ìyá Yọ̀mí jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, nínú oòrùn gan-an, bí ẹni tí kò mọ̀ pé oòrùn ń pa òun. Kàsímù gbé igbá gárì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba ìdúró mọ́. Ìyá náà ò wo gárì.

"Wọ́n ní o gbàdúrà fún àwọn tó lọ sí oríta," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O dárúkọ wọn?"

"Mo dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

"O dárúkọ ọmọ mi?"

Kàsímù gbé ojú sókè. "Òun ni mo kọ́kọ́ dá, mà. Orúkọ rẹ̀ ló ṣíwájú."

Ìyá náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ó mi orí, ó tún mi í, omi sì ń dà gbàràgbàrà lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ilẹ̀kùn yẹn wọlé. Nígbà tó ṣe, ó wo sùtánà tó wà lọ́rùn ọkùnrin náà, ó wo ọ̀dà àti ẹ̀jẹ̀ tó dì mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́ báyìí?" ni ó bi í.

Ó ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nínú òkun. Kò lè gbé e jáde lẹ́nu níwájú obìnrin yìí, kò sì lè dá èyí tí Lèmọ́mù sọ ọ́. Ó tẹrí ba.

"Àlàó," ni Ìyá Yọ̀mí wí, bó ṣe ń pè é nígbà tí Kàsímù àti Yọ̀mí ṣì jọ ń já àgbọn lẹ́yìnkùlé rẹ̀. "Dìde nínú oòrùn. Bọ́ sábẹ́ òrùlé."

Ó sì wọlé lọ bu omi.